Afárá igi àbí afárá kọnkéré?

Fún ẹlẹ́sẹ̀ lásán, igi tó. Fún ọkọ̀, kọnkéré ni mo fọwọ́ sí. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́rù: bí ẹrù bá dé àárín, òkè wọn á fún pọ̀, ìsàlẹ̀ á máa nà. Igi fara da méjèèjì. Kọnkéré lágbára bí a bá fún un pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fà á, á sán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń to ọ̀pá irin sí ìsàlẹ̀ kí a tó da kọnkéré lé e. Ẹni tó bá to gbogbo irin náà sókè ti ba iṣẹ́ jẹ́!

Igi yá ṣe, àmọ́ òjò àti ikán ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ dá pákó dúró lórí ẹ̀gbẹ́, ẹ má tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ: bí gíga rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, líle rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tẹ̀ á di ìlọ́po 8.