Tourniquet CAT tí mo rà sí ṣọ́ọ̀bù: ó tó owó rẹ̀

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, bíléèdì ẹ̀rọ ìlagi ò sì mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Ìdí tí mo fi ra CAT (Combat Application Tourniquet) nìyẹn, ìyẹn bẹ́líìtì tí a ń so mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń pín in fáwọn sójà Amẹ́ríkà. Fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ó ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń lọ́ ọ kó fún, ibi tí ọ̀pá náà ń há sí, àti ibi funfun tí a ń kọ aago sí.

Ọmọṣẹ́ mi kan fi ọwọ́ òsì nìkan so ó mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú, bó ṣe ń lọ́ ọ̀pá, iṣan tó ń lù níbẹ̀ dákẹ́. Ọmọ ké, nítorí ó dùn ún gan-an. Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀gá, ẹ má jáyà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn." Ẹ̀kọ́ ni, a tú u lójú ẹsẹ̀.

Wáyà iná tí a máa ń sáré so ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tínínrín ni, ó ń ge ara. Tí kò bá sì fún tó, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn nìkan ló máa dí. Èyí tó ń gbé e bọ̀ látọkàn ò ní dúró, ẹ̀jẹ̀ á wá pọ̀ sí i. Kẹrosíìnì àti epo ẹ́ńjìnnì kò sì yẹ lójú egbò rárá.

Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi tẹ egbò náà mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú yàà, ẹ so bẹ́líìtì sókè egbò ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, kó má bọ́ sórí orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́. Ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ẹ kọ aago, ẹ gbéra lọ sọ́síbítù kíá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Dókítà ló ń tú u.

Ó wọ́n, ìwé ìlò rẹ̀ ò sì ní Yorùbá. Èmi ni mo fi máàkà kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ọ̀rẹ́ mi kan ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú, ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí a lọ́ ọ. Èyí tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ò sì yẹ kó jẹ́ èyí tí a fi pamọ́ de ìjàǹbá, nítorí náà mo ti ra ìkejì. Ó wà nínú ike rẹ̀, níbi tí oòrùn ò lè dé.