Mọ́tò tó ń ta sánsán jù: ẹ ṣọ́ra fáwọn dílà tó ń fi pẹ̀fúùmù bo òórùn epo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnikẹ́ni tó bá ń múra àtira mọ́tò àlòkù, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Dílà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ta mọ́tò fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mọ́tò mọ́ tónítóní, inú ẹ̀ ń ta sánsán bíi yàrá ìyàwó ọ̀ṣìngín, pẹ̀fúùmù wà lára dígí, òmíì tún wà lábẹ́ síìtì, ó sì ti yí gbogbo gíláàsì wálẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Iná epo ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní "ọ̀gá mi, epo nìkan ló kù, ẹ̀yin náà á ra èyí tó bá wù yín." Wọ́n sanwó, wọ́n yà sílé epo, wọ́n rọ epo kún tánkì bámúbámú, kí wọ́n tó délé orí ti ń fọ́ àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn, òórùn pẹtiróòlù gba inú mọ́tò kan, pẹ̀fúùmù ò rí i ṣe mọ́.

Wọ́n pe dílà yẹn, ó ní kò sí mọ́tò tí kì í rùn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo sí i. Irọ́ ńlá! Ẹ lè gbóòórùn díẹ̀ níta, lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, àmọ́ inú mọ́tò tí ara ẹ̀ pé kì í rùn epo rárá.

A gbé síìtì ẹ̀yìn sókè. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, abẹ́ ibẹ̀ lorí pọ́ọ̀ǹpù epo wà, wọ́n á fi páànù pẹlẹbẹ kan bò ó. Gbogbo ara páànù yẹn ló dọ̀tí, àmọ́ orí àwọn síkúrúù tó dè é ń dán, ìyẹn ni pé ẹnì kan ti tú u láìpẹ́. A ṣí i, síìlì róbà tó yẹ kó dí àárín pọ́ọ̀ǹpù àti tánkì ti ya, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù dúdú rẹ́ ẹ yíká. Gọ́ọ̀mù náà ti ń rọ̀, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí á lẹ̀ mọ́ ìka, torí pé pẹtiróòlù máa ń jẹ irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, kò lè pẹ́ níbẹ̀. Eruku tó yí i ká ti mu epo, ó ti di ẹrẹ̀. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí kò fi fẹ́ kí epo wà nínú tánkì? Òkè tánkì ni síìlì yẹn wà, tí epo bá kéré kì í débẹ̀, òórùn tó ń jáde ò ní pọ̀, pẹ̀fúùmù á bò ó, àmọ́ tí tánkì bá kún, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tẹ́ ẹ yà kọ́nà lepo á máa dà gba ibẹ̀ jáde.

Torí náà, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ rọ epo kún un kẹ́ ẹ tó sanwó, owó tara yín ni kẹ́ ẹ fi rà á, dílà tó bá kọ ìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti gíláàsì pa fún wákàtí bíi mélòó kan, tó bá di ọjọ́ kejì gan-an ló dáa jù, kẹ́ ẹ wá ṣí i kẹ́ ẹ fi imú yín wò ó. Tó bá ń rùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ tánkì ni kẹ́ ẹ wò, síìlì pọ́ọ̀ǹpù, họ́ọ̀sì tó ti ẹnu tánkì wọlé, tàbí àpótí kékeré tó ní èédú nínú tó máa ń fa ooru epo mu, ìyẹn epo tó ti di bí afẹ́fẹ́ (àwọn tó ń tẹ epo lé epo lẹ́yìn tí ìbọn epo ti já fúnra ẹ̀ ló máa ń ba ìyẹn jẹ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ jàre). Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí fáànù sì ń fa atẹ́gùn ìta ló ń rùn, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìdí àwọn injector (ìyẹn àwọn ohun kéékèèké tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì) àti họ́ọ̀sì epo, torí ìsàlẹ̀ dígí iwájú ni mọ́tò ti ń fa atẹ́gùn wọlé.

Iná check engine náà, ìyẹn iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì níṣòro, ó gbọ́dọ̀ tàn tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí on kẹ́ ẹ tó sítáàtì. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ẹ kan skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù ìṣòro, mọ́ mọ́tò náà, kóòdù P0442, P0455 àti P0456, gbogbo wọn ń sọ pé ooru epo ń jò níbì kan, àmọ́ tí skánà bá ń sọ not ready ṣáá (ìyẹn ni pé mọ́tò ò tíì yẹ ara ẹ̀ wò tán), ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ kẹ́ ẹ tó dé. Tí skánà ò bá sì rí kóòdù kankan, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má fi imú wò ó o, epo tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ injector lè má gbé kóòdù kankan wá.

Ẹ̀tàn kejì wá nìyí. Dílà ní òun á rán mẹkáníìkì òun wá, ìyẹn dé, kò tiẹ̀ tíì ṣí nǹkankan tó ti ní ká pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù àti gbogbo injector. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń gbé epo dáadáa! Mẹkáníìkì tiwa pààrọ̀ síìlì nìkan, tuntun o, torí èyí tó ti mu epo ti wú, kò ní jókòó dáadáa mọ́. Ó kọ́kọ́ fa epo inú tánkì kù, ó tú orí négétíìfù bátìrì, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, kò sì jẹ́ kẹ́nì kankan tan iná nítòsí, torí ooru pẹtiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá lọ, iná kékeré tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè gbá a mú. Ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan fi òòlù irin àti ṣísẹ́ẹ̀lì gbá òrùka tó de pọ́ọ̀ǹpù yẹn, iná ò ní pẹ́ ta pàrà.

Ká tó tún nǹkankan ṣe, ẹ̀gbọ́n mi ti ya fọ́tò àti fídíò gọ́ọ̀mù yẹn, àwọn síkúrúù tó ń dán àti ẹrẹ̀ epo náà. Ohun tí mẹkáníìkì dílà kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kó fi rágì nu gbogbo ẹ̀ kúrò, wọn ò gbà fún un. Fọ́tò yẹn ni dílà rí tó fi dá owó síìlì àti owó iṣẹ́ padà, ó kọ̀ láti gba mọ́tò ẹ̀, ó sì ṣì ń ta mọ́tò títí dòní.