Refractometer aláfọwọ́mú fún omi òkun: ó yẹ ní rírà, ṣùgbọ́n ẹ má gba òdo rẹ̀ gbọ́

Ẹni tó ń sin iyùn tó wà láàyè àti ẹja òkun nínú àpótí dígí kò gbọdọ̀ fojú díwọ̀n iyọ̀. Nínú kílò kan omi òkun, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 35. Ẹja ń mu omi yìí, ó sì ń ti iyọ̀ tó pọ̀jù jáde níbi tó fi ń mí. Iyùn àti ẹja ìràwọ̀ (tí kì í ṣe ẹja gidi) kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iyọ̀ omi bá yí padà lójijì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń jìyà.

Refractometer, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn iyọ̀ omi, kò lo bátìrì. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ tó, ohun tó sì ń kà nìyẹn. Ẹ kán omi méjì tàbí mẹ́ta sójú dígí rẹ̀, kí ẹ rọra pa ìdérí dé kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ a máa mú kí ìlà di bàìbàì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ìgbóná omi àti ti dígí lè dọ́gba, lẹ́yìn náà kí ẹ ka ibi tí búlúù ti pàdé funfun.

Ìwé ìlò rẹ̀ sábà máa ń ní kí ẹ fi omi dístílì gbé e sí òdo. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Òdo tó tọ̀nà kò fi hàn pé 35 tọ̀nà. Yàtọ̀ sí èyí, òǹkà (ìlà nọ́ńbà inú rẹ̀) púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ṣe fún omi sódíọ̀mù kílóráídì (iyọ̀ tí a fi ń se oúnjẹ) lásán. Omi òkun ní kílóráídì gíráàmù 19.4 àti sódíọ̀mù 10.8 nínú kílò kan, ṣùgbọ́n ó tún ní sọ́fétì 2.7, magnésíọ̀mù 1.3, kálísíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù 0.4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, omi òkun 35 tòótọ́ yóò kà tó 36.5 lórí irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bu omi sí i títí tó fi ka 35 ti sọ omi rẹ̀ di nǹkan bí 33.5.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ wọn gíráàmù 36.5 sódíọ̀mù kílóráídì tó gbẹ, tó sì mọ́, ẹ pò ó mọ́ gíráàmù 963.5 omi dístílì. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ife. Omi yìí ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí omi òkun 35 gẹ́lẹ́. Ẹ kán an sí i, kí ẹ yí ìdè kékeré (síkúrúù) rẹ̀ títí yóò fi ka 35. Ẹ dé ìgò rẹ̀ pinpin, torí bí omi bá fẹ́ lọ, iyọ̀ ò bá a lọ.

Mo fẹ́ refractometer ju hydrometer ẹlẹ́sẹ̀ tó ń jù lọ, irinṣẹ́ mìíràn tó ń fi ẹsẹ̀ tó ń léfòó nínú omi wọn iyọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ yẹn yóò gbé e sókè. Iyọ̀ tó bá gbẹ sí i lára yóò fà á wálẹ̀.

Ohun kan tí refractometer kò lè ṣe ni pé kó sọ iye èròjà kọ̀ọ̀kan. William Dittmar, onímọ̀ kẹ́místrì, fi hàn ní 1884, nínú omi tí Challenger, ọkọ̀ òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rìnrìn àjò ìwádìí, kó jọ, pé ìdíwọ̀n àwọn èròjà pàtàkì sí ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà káàkiri òkun. Nínú àpótí kò rí bẹ́ẹ̀. Iyùn ń fa kálísíọ̀mù kọ́ eegun rẹ̀, kálísíọ̀mù yóò dín, refractometer yóò sì ṣì máa ka 35. Ẹ ra ohun ìdánwò kálísíọ̀mù mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìlò, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan dígí náà, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún.