Àwọn tó ń ta ìmọ̀ràn ààbò iṣẹ́ n'Ìbàdàn: ohun tó yẹ ká sanwó fún àti ohun tó yẹ ká dá padà

Bí èèyàn bá ní ilé búrẹ́dì l'Ókè-Àdó, ilé omi inú ọ̀rá ní Ṣáṣá, tàbí ibi ìlapákó ní Bódìjà, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi wọlé, á ní agbaninímọ̀ràn lóun lórí ìlera, ààbò àti àyíká ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ bí ọjà Gbági ló rí, ojúlówó àti ayédèrú jọ jókòó ti ara wọn lórí àtẹ ni. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni pé ká tú ẹrù wọn wò.

Fáìlì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ó nípọn, ó sì ń dán. Ẹ ṣí i síbi tó bá wù yín. Bí ẹ bá rí hẹlikópítà tàbí èbúté nínú fáìlì ilé búrẹ́dì, ilé iṣẹ́ epo ni wọ́n ti dà á kọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni orúkọ oníbàárà àná máa ń gbàgbé ara rẹ̀ sí. Ojú ewé mẹ́rin tó dá lórí ẹ̀rọ tiyín sàn ju igba ojú ewé bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ wo, apá ibo ló lè ṣeni léṣe, ta ló ń lò ó, kí ni a máa tún ṣe, ta ló máa ṣe é, ọjọ́ wo. Iṣẹ́ tí kò bá ti sí orúkọ àti ọjọ́ níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ṣe é.

Ìrìn-yíká nínú ilé iṣẹ́ ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ sì lẹ máa ti mọ ẹni tí ẹ ń bá lò. Ìgbà tí iṣẹ́ ń gbóná ló yẹ kó wá. Bí wọ́n bá ń fi òru ṣe búrẹ́dì, òru ni kó wá. Ẹni tó wá ní aago mọ́kànlá àárọ̀, tí ẹ̀rọ ti sùn, tó mu máòtì tán ní ọ́fíìsì ọ̀gá, tó sì ya fọ́tò mẹ́fà, kò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ mú un dé ìdí mílìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìyẹ̀fun pípò kó tó di búrẹ́dì. Rólà méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yí wọ inú ara wọn, ọwọ́ lásán ni òṣìṣẹ́ sì fi ń ti ìyẹ̀fun sí wọn lẹ́nu. Agbaninímọ̀ràn tó mọṣẹ́ á béèrè bóyá ọ̀pá ìdènà wà níwájú rólà, á sì wò ó bóyá ọwọ́ ẹni tó dúró síbẹ̀ tó bọ́tìnì ìdádúró láìsún ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí a fi ń mọ ọ̀jáfáfá: bí iná bá lọ, tó sì dé padà, ṣé ẹ̀rọ yìí á dìde fúnra rẹ̀?

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní kí àwọn fi àyè yẹn nu ẹ̀rọ. Ọ̀kan á ti ọwọ́ bọ àárín rólà, á máa ha ìyẹ̀fun tó ti gbẹ mọ́ ọn. Àdúgbò á sì pariwo "Up NEPA!" Bí ó bá jẹ́ sítátà oníbọ́tìnì méjì ni wọ́n fi sí ẹ̀rọ náà, ewu kò sí. Iná fúnra rẹ̀ ló di kọ́ńtátọ̀, súìṣì onímágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀, mú, bí iná bá ti lọ, á já bọ́, kò sì ní gbé mọ́ àfi bí ẹnì kan bá tún tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ súìṣì ọlọ́wọ́ gígùn ni, ibi tí wọ́n gbé e sí ló máa wà. Iná dé ni rólà yí. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ míì máa ń ní sítátà yìí nígbà tó dé, kí rẹ́wáyà kan tó yọ ọ́ sọnù torí kọ́ńtátọ̀ jó, ó sì so wáyà rẹ̀ tààrà. Ìdánwò rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú méjì: ẹ tan ẹ̀rọ láìfi nǹkan kan sí i, kí gbogbo èèyàn jìnnà sí i, ẹ pa iná láti orísun, ẹ tún un tan. Agbaninímọ̀ràn tí kò ṣe ìdánwò yìí, fáìlì ló wá tà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àgádágodo. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pa súìṣì, kó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá ń tún ẹ̀rọ ṣe, àgádágodo mẹ́ta ló máa wà níbẹ̀. N'Ìbàdàn, a ní láti rántí jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà: bí a bá ti ojú iná ìjọba pa, tí ẹnì kan sì yí súìṣì sí jẹnẹrétọ̀, asán ni gbogbo rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ gan-an ni kí àgádágodo náà wà.

Ohun míì tó máa ń sọ wọ́n nù ni àwọ̀n irin tí ajórin ṣe bo bẹ́líìtì. Gbogbo wọn á rí i, wọ́n á sì sàmì pé ó wà. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n! Bí ihò àwọ̀n bá fẹ̀ tó mílímítà 20, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí bẹ́líìtì tó mílímítà 120, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka á wọlé, á sì bá a. Èyí tó fara kan bẹ́líìtì, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ní ìdí ayùn tó ń yí róbótó, irin pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lẹ́yìn ayùn ni kí ẹ wò. Òun ni kì í jẹ́ kí pákó tó là sí méjì fún ayùn mọ́ra, kó sì ta padà lu ẹni tó ń là á. Àlàfo àárín rẹ̀ àti eyín ayùn kò gbọ́dọ̀ ju mílímítà 8 lọ lójú tábìlì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ìlapákó, wọ́n ti yọ ọ́ dànù.

Ariwo ńkọ́? Wọ́n á gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n wá. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ohun ìdánwò tó ń dún ní desibẹ́lì 94 yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú yín, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá parí. Áàpù orí fóònù kò tó fún iṣẹ́ tí a sanwó lé. Bí ariwo bá dé desibẹ́lì 85 fún wákàtí 8, etí ti wà nínú ewu. Bó bá fi 3 lé e, wákàtí 4 péré ló kù. Fóòmù tí wọ́n ń pín láti fi dí etí kò wúlò bí wọn kò bá kọ́ni ní bí a ṣe ń fi í: ẹ fi ìka lọ́ ọ kó tínrín, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ sì dì í mú títí yóò fi wú. Èyí tó bá ṣì yọ síta tán, kò dí nǹkan kan.

Agolo ìpaná ni ibi tí jìbìtì ti pọ̀ jù lọ. Wọ́n á kó o lọ, wọ́n á nù ún, wọ́n á lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn, wọ́n á dá a padà. Ní ti agolo tó jẹ́ ìyẹ̀fun ìpaná ló wà nínú rẹ̀, kí ọwọ́ ojú ìwọ̀n wà lórí àwọ̀ ewé, àmọ́ ìyẹn nìkan kò tó, torí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ lè ti dì gbagidi. Èyí tó jẹ́ ti gáàsì CO2 kò ní ojú ìwọ̀n rárá. Òṣùwọ̀n nìkan ló lè sọ bóyá nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi wé iye tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fa pín-ìn-nì yọ, kó sì fọ́n ọn sí iná gidi. Agolo kílò 6 kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó tán, ẹni tí kò tíì fọ́n ọn rí á ti lò ó tán sójú ọ̀run.

Kàǹga àti kòtò ìdọ̀tí: bí agbaninímọ̀ràn bá ní kí ẹ fi àbẹ́là sọ̀kalẹ̀ wò bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dára, ẹ dágbére fún un. Àbẹ́là kò lè rí èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì rùn, bẹ́ẹ̀ ló lè ran gáàsì. Ẹ̀rọ kan tó ń wọn oríṣi gáàsì mẹ́rin ni wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ́síjìn bá dín sí ìdá 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àyíká, a kò ní fi í falẹ̀. Ike omi Ragolis tí wọ́n fi bu omi fún àyẹ̀wò, àbájáde rẹ̀ kò níye lórí. Igò mímọ́ tí ilé àyẹ̀wò fúnni ni kí wọ́n lò, kí ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀, kó wà nínú yìnyín títí dé ibẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún wo òde ọgbà: ibo ni omi máa gbà bí odò Ògùnpa bá kún bíi ti 1980 àti 2011, kí ni aládùúgbò ń kó pamọ́? Bódìjà ṣì rántí ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀ bú gbàù.

Ní ti òfin, ohun díẹ̀ ló yẹ kó lè sọ láìwo ìwé. Factories Act fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti ọdún 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kó sì fi ìjàǹbá tó wọn létí láàárín ọjọ́ 7. Agbaninímọ̀ràn lè bá yín kọ fọ́ọ̀mù, àmọ́ ìjọba ló ni ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ISO 45001, ìlànà àgbáyé lórí ìlera àti ààbò ibi iṣẹ́: àjọ ISO kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí, ẹni tó bá yín tò ó kò sì lè jẹ́ ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ní òun á "ṣe" ISO fún yín tìwé-tìwé, iye tẹ́ẹ bá san, ìwé lásán lẹ rà.

Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ ní kó kọ iye ọjọ́ tó máa lò, orúkọ ẹni tó máa wá gan-an, àti ẹ̀rọ ìwọ̀n tó máa gbé wá. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tó bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, kó má mú fáìlì dání. Kó lọ sídìí mílìn, kó pa iná láti orísun, kó sì tún un tan.