Búlọ́ọ̀kù tó ń kọ́ mọ́ ara wọn fún ògiri ẹ̀yìnkùlé: ohun tí mo rí lẹ́yìn ọdún méjì

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí ẹ̀bá ilé, nítorí náà, gbogbo ìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀ ni erùpẹ̀ máa ń wọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kí n lè dá ilẹ̀ náà dúró, mo ra búlọ́ọ̀kù tí a ń tò láìlo símẹ́ǹtì, irú èyí tó ní etí kékeré nísàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, tí etí náà sì máa ń kọ́ ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Etí yẹn yẹ fún ìyìn. Òun ló ń mú kí ìlà kọ̀ọ̀kan sún sẹ́yìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kí gbogbo ògiri lè fara ti ilẹ̀ tó ń dì mú dípò kó dúró ṣánṣán. Ẹni tí kì í ṣe bíríkìlà náà lè tò ó, bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti tẹ́jú. Àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ yẹn nìkan gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, torí pé inú kòtò la máa ń rì í sí, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí a gún mọ́lẹ̀ dáadáa tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, bí búlọ́ọ̀kù kan bá sì yẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ìlà tó wà lókè rẹ̀ ló máa yẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà wúwo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a gbé.

Ìwé ìlànà tó wà nínú ẹrù náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ojú ìwé mẹ́ta ló fi ṣàlàyé bí a ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ló sọ nípa omi, bẹ́ẹ̀ omi gan-an ló sábà máa ń wó irú ògiri yìí. Nígbà tí mo tò ó tán, amọ̀ tí mo gbẹ́ jáde ni mo fi dí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Amọ̀ kì í tètè jẹ́ kí omi kọjá. Ṣe ló ń mu omi, tó ń wú, tó sì ń wúwo sí i, omi tó há sẹ́yìn ògiri á sì máa fi agbára tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn òjò oṣù mélòó kan, àárín ògiri ti yọ ikùn síta.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọyì ọjà náà. Nítorí pé kò sí símẹ́ǹtì nínú rẹ̀, mo tú u palẹ̀ láìfọ́ ẹyọ kan, àwọn búlọ́ọ̀kù kan náà ni mo sì tún tò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ́ páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mo jẹ́ kó dagẹ̀rẹ́ díẹ̀ síbi tí omi lè gbà jáde, mo da òkúta wẹ́wẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 sẹ́yìn ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì fi aṣọ tí omi ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ kọjá, ya òkúta náà sọ́tọ̀ kúrò lára amọ̀. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti dá, mo máa ń lọ wo ẹnu páìpù, inú mi á sì dùn bí mo bá rí omi tó ń dà níbẹ̀, torí ògiri ni ì bá máa tì.

Ògiri mi kò ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní mo lè gbé e ga dé mítà 2 fúnra mi, n kò sì fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Bí ògiri bá ga ní ìlọ́po méjì, agbára tí ilẹ̀ fi ń tì í á di ìlọ́po mẹ́rin, torí pé bí ilẹ̀ bá ṣe jìn tó ni títì rẹ̀ ṣe ń le tó, ojú ibi tó ń tì náà sì ń fẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn.

Apá òsì ẹ̀yìnkùlé ṣì kù. Búlọ́ọ̀kù yìí náà ni mo máa rà síbẹ̀, àmọ́ páìpù àti òkúta wẹ́wẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ gbé wálé.