Mustang Bass àti Musicmaster Bass àtijọ́: bí ẹ ṣe lè mọ ojúlówó, àti èyí tó tó owó tí wọ́n ń pè é

Tí wọ́n bá ti ní gìtá béèsì Fender àtijọ́, Precision àti Jazz ni gbogbo ayé ń lé, owó wọn sì ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa. Méjì kan wà láti ilé iṣẹ́ yẹn kan náà tí ojú ọ̀pọ̀ kò sí lára wọn: Mustang Bass tó jáde ní 1966, àti Musicmaster Bass tó tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Àwọn méjèèjì ni Fender dá dúró nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan, torí pé àwọn tó ń tà wọ́n sábà máa ń ṣi owó wọn pè. Wọ́n á gbé owó gọbọi lé èyí tí wọ́n ti tú palẹ̀, wọ́n á sì ta èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ bà ní ọ̀pọ̀.

Okùn àwọn béèsì méjèèjì kúrú. Íǹṣì 30 ni ìwọ̀n okùn wọn, láti òkè ọrùn dé ibi tó jókòó sí nísàlẹ̀, nígbà tí ti Precision jẹ́ 34. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, tàbí ẹni tó ti ń ta gìtá olókùn mẹ́fà tó wá fẹ́ bọ́ sórí béèsì, yóò mọ ìyàtọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Fender ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n, ibẹ̀ sì ni àìkàsí ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní béèsì ọmọ iléèwé ni. Bẹ́ẹ̀, Mustang ni béèsì tó kẹ́yìn nínú àwọn tí Leo Fender, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, fúnra rẹ̀ yà fún un, kí ó tó tà á fún ilé iṣẹ́ CBS ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1965. Bill Wyman ti ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones lò ó, Tina Weymouth ti ẹgbẹ́ Talking Heads náà lò ó. Orúkọ àwọn wọ̀nyí ti ń fa owó Mustang sókè díẹ̀díẹ̀. Musicmaster kò rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbé e ga, ló ṣe jẹ́ pé òun ló kù tí owó rẹ̀ ṣì rọ̀.

Píkọ́ọ̀pù: ibi tí ìyàtọ̀ pọ̀ sí, tí ìjàǹbá sì pọ̀ sí

Píkọ́ọ̀pù, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà tó ń gbọ́ okùn, pín sí méjì lára Mustang. Apá kan ń gbọ́ okùn E àti A, apá kejì ń gbọ́ D àti G, wọ́n sì ṣe é kí apá méjèèjì máa pa ariwo iná fún ara wọn. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì dúró déédéé láàárín ìlù àti kíbọ́ọ̀dù.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni ti Musicmaster, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú gìtá olókùn mẹ́fà gan-an ni. Ike tí kò ní ihò kankan ni wọ́n fi bò ó lójú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ike yẹn, òpó mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́fà lẹ máa rí lábẹ́ okùn mẹ́rin. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, “Wọ́n ti pààrọ̀ eléyìí, píkọ́ọ̀pù gìtá ni wọ́n fi sí i.” Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́: mẹ́fà yẹn ni àmì ojúlówó. Tí ẹ bá rí òpó mẹ́rin tó dọ́gba pẹ̀lú okùn mẹ́rin, tàbí píkọ́ọ̀pù tó pín sí méjì bíi ti Precision, ẹnìkan ti tú inú rẹ̀ ṣe.

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì ti tú inú rẹ̀ ṣe. Torí pé ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí kò sì lágbára tó, àwọn tó ni ín fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbẹ́ igi rẹ̀ kí píkọ́ọ̀pù ńlá lè wọlé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sẹ́ni tó rò pé ó burú láti gbẹ́ ẹ. Èyí ló jẹ́ kí Musicmaster tí wọn kò gbẹ́ ṣọ̀wọ́n ju bí owó rẹ̀ ṣe ń fi hàn lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni, èyí tí wọn kò gbẹ́ ni mo máa fi owó lé lórí nínú àwọn méjèèjì, bí ohùn Mustang tilẹ̀ dára jù ú lọ.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó tú ike ojú gìtá náà kó sì ya fọ́tò ihò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ihò tí ilé iṣẹ́ gbẹ́ máa ń ní etí tó mọ́, ọ̀dà á sì ti wọ inú rẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn náà máa ń ṣí igi funfun sílẹ̀, ojú ààké kékeré tàbí ẹ̀rọ tó fò lọ́wọ́ á hàn lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ wo ike náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá tuntun ju ara gìtá lọ, ẹ béèrè ibi tí ti àtijọ́ wà. Ẹni tó bá kọ̀ láti tú u, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Fún ẹni tó ń lo béèsì nílé, ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tí wáyà ilẹ̀ kò sì dáa, ẹ mọ̀ pé Musicmaster á máa hó. Mustang kò ní dà yín láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Bíríìjì

Bíríìjì ni irin tí okùn jókòó lé nísàlẹ̀ gìtá. Lórí Mustang, okùn ń gba inú igi kọjá láti ẹ̀yìn, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní ìjókòó tirẹ̀. Wọ́n tún fi fóòmù kékeré sí abẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan láti mú ohùn kúrú. Fóòmù yẹn ti bàjẹ́ tàbí ti sọnù lórí ọ̀pọ̀, mi ò sì ní yọ owó nítorí rẹ̀ lọ títí, ṣùgbọ́n tí irin tó gbé e náà bá ti lọ, ìyẹn jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ti ń tú u. Ìjókòó méjì péré ni Musicmaster ní fún okùn mẹ́rin, okùn méjìméjì lórí ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò ní bọ́ sí ipò pátápátá ní òkè ọrùn, bí ẹ ṣe wù kí ẹ tò ó tó. Tí ẹ bá rí Musicmaster tó ní ìjókòó mẹ́rin, wọ́n ti pààrọ̀ bíríìjì rẹ̀. Ó lè wúlò fún ẹni tó fẹ́ máa lò ó, kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ṣe é

Nọ́ńbà ara gìtá ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ wò, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi tanni jẹ. Láti nǹkan bí 1965 títí di 1976, pẹlẹbẹ irin tó wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti wọ ara, ni nọ́ńbà wà, pẹ̀lú lẹ́tà F ńlá. Bóòtù mẹ́rin ló mú irin yẹn, ẹnikẹ́ni sì lè gbé e láti ara kan sí òmíràn. Láti 1976 lọ, nọ́ńbà bọ́ sí orí gìtá, ìyẹn òkè ọrùn níbi tí wọ́n ti ń fa okùn le: S7 fún 1977, S8 fún 1978, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, E sì wá fún àwọn ọdún 1980. Fún àwọn ọdún ìparí, ẹ má gbára lé e pátápátá, nítorí wọ́n lo S9 kọjá 1979.

Ohun tó lágbára jù ni kí ẹ yọ ọrùn. Lórí ọ̀pọ̀ Mustang, wọ́n tẹ oṣù àti ọdún sí ìdí ọrùn níbi tó wọ ara, bíi DEC 66. Lórí Musicmaster, òǹtẹ̀ yẹn lè ti parẹ́ tàbí kó nira láti kà.

Ẹ̀yìn pọ́ọ̀tì ló kàn, ìyẹn irin róbótó tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì tí a fi ń yí ohùn. Tí ẹ bá rí 1377225, 137 ni àmì ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe é, 72 ni ọdún 1972, 25 ni ọ̀sẹ̀ karùndínlọ́gbọ̀n nínú ọdún náà. Tó bá jẹ́ 304 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Stackpole ló ṣe é. Nọ́ńbà yìí kàn ń sọ pé gìtá náà kò lè dàgbà ju ìgbà yẹn lọ. Fender ra pọ́ọ̀tì rẹpẹtẹ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó títí di nǹkan bí 1969, nítorí náà Mustang 1969 tó ní pọ́ọ̀tì 66 kò ní àléébù kankan. Ti 1967 tó ní pọ́ọ̀tì 72 ló gba àlàyé. Ẹ wo òjé tí wọ́n fi lẹ wáyà mọ́ ọn: ti àtijọ́ máa ń ṣú, á sì mọ níwọ̀n, ti tuntun máa ń dán, ó sì sábà máa ń rí rúdurùdu.

Ọ̀dà

Mustang tí àwọn olówó ń wá jù ni àwọn tó jáde láti nǹkan bí 1969, tí wọ́n ní ìlà gbọọrọ lára bíi mọ́tò eré ìje. Torí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ń kun ìlà sí ara Mustang lásán. Ẹ tú ike ojú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ìlà náà àti àwọ̀ náà ń bá a lọ lábẹ́ rẹ̀ àti nínú ibi tí ọrùn jókòó sí. Tí ẹ bá rí àwọ̀ mìíràn nísàlẹ̀, wọ́n ti kùn ún ṣe. Àwọn oníṣòwò sábà máa ń yọ tó ìdajì owó lórí èyí tí wọ́n tún kùn, èmi náà ò sì ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà tó ti ṣí, tó ti bó, tó sì dọ̀tí, sàn ju èyí tó ń dán gbinrin lọ.

Ọrùn

Irin inú ọrùn tí a fi ń tọ́ ọ, ìdí ọrùn ni orí irin yẹn wà lórí gìtá méjèèjì, kì í ṣe orí gìtá bíi ti òde òní. Àfi kí wọ́n tú ọrùn kí wọ́n tó lè yí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í yí i. Béèsì tó ti wà nínú òtútù ìlú Òyìnbó fún ọdún pípẹ́ tó wá bọ́ sínú ọ̀rinrin Èkó, tí ọyẹ́ tún gbé lẹ́yìn náà, ọrùn rẹ̀ á yí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín pé irin náà ṣì ń yí. Tó bá ti lọ dé òpin, iṣẹ́ ńlá ni yóò gbà.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó fẹ́ máa fi ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde àríyá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, Mustang ni kó rà, kódà kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti kùn ṣe, torí owó rẹ̀ á rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yí. Ẹni tó fẹ́ rà á kó tọ́jú rẹ̀, Musicmaster tó ṣì ní píkọ́ọ̀pù òpó mẹ́fà, bíríìjì ìjókòó méjì àti ike rẹ̀ ni kó wá. Musicmaster tí wọ́n ti gbẹ́, ẹ san owó irinṣẹ́ lásán lé e lórí, ẹ má san owó ohun àtijọ́. Kí ẹ sì ṣọ́ra: Fender ti tún Mustang ṣe ní Japan, Mustang PJ ti 2016 wà, Bronco ti Squier, orúkọ tí Fender ń fi ta àwọn gìtá olówó pọ́ọ́kú, náà sì ní píkọ́ọ̀pù gìtá bíi ti Musicmaster. Àwọn yìí dára láyè ara wọn, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n ń pè wọ́n ní àtijọ́.

Tí ẹ bá ra Mustang, ẹ ra okùn tó gùn tó. Nítorí pé okùn ń gba inú igi kọjá, okùn kúkúrú mìíràn kì í dé orí dáadáa, ibi tó ti tín-ín-rín á ti wọ ibi tí kò yẹ kó dé. Okùn tí wọ́n ṣe fún ìwọ̀n àárín ni ọ̀pọ̀ onílé ìtajà máa ń fún yín. Ti Musicmaster kò ní wàhálà yẹn, okùn kúkúrú èyíkéyìí á bá a mu.