Rédíò àpàlà tí mo rà fún Màmá ní Ẹ̀pẹ́

Ní oṣù kejì tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá mi ni mo yà sí ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá ọjà Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò alágbèéká, tí wọ́n sì ń kó orin sí mẹ́mọ́rì fún oníbàárà. Rédíò náà jẹ́ ₦17,000, owó orin jẹ́ ₦2,000. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà kò kàn da orin sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi mí pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni Màmá? Orin ta ni wọ́n ń jó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge?” Ìbéèrè kejì yìí ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

Orin tí ènìyàn gbọ́ láti ìgbà tó bàlágà títí di ìgbà tó lé díẹ̀ lógún ọdún ni ó máa ń fìdí múlẹ̀ jù lọ nínú ìrántí. Ọdún 1970 sókè ni Màmá ṣe ọmọge, nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó àpàlà àti sákárà sí i, ó sì fi ti Ligali Mukaiba, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ pé orin tí èmi fẹ́ràn ni mo kó lọ, owó mi ì bá ti ṣòfò. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Finland gbé jáde ní 2008, àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù tí wọ́n ń gbọ́ orin tí àwọn fúnra wọn yàn lójoojúmọ́ fún oṣù méjì tètè ń rántí ọ̀rọ̀, wọ́n sì ń pọkàn pọ̀, ju àwọn tí ń gbọ́ ìwé tí a kà sórí ẹ̀rọ lọ.

Ní ilé wa, ìka ọwọ́ Màmá ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Agogo á ti máa lù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á ti máa dún, ṣùgbọ́n díẹ̀ kí ìlù àdàmọ̀ tó wọlé ni ìka wọn á ti gbéra lórí ibùsùn. Àwọn olùwádìí ní Montreal fi hàn ní 2011 pé ọpọlọ máa ń tú dopamine, èròjà tó ń fúnni ní ìdùnnú, jáde nígbà tí a bá ń retí ibi tó dùn jù nínú orin, àní kí ibẹ̀ tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá tí kò tíì lè pe orúkọ mi gbe ègbè orin kan já. Mo sọkún. Apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ gbára lé jù, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún náà ń kópa nínú orin kíkọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùtọ́jú fi lo orin láti ran Gabrielle Giffords, aṣòfin Amẹ́ríkà tí wọ́n yìnbọn lù ní 2011, lọ́wọ́ kó tún lè sọ̀rọ̀. Orin kò rọ́pò ilé ìwòsàn o. Màmá ṣì ń lọ fún eré ìdárayá wọn.

Ìsọ̀ náà tún ń ta káàdì orin òyìnbó “fún ọpọlọ ọmọdé”. N kò rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ni ìwádìí 1993 tó bí àhesọ pé irú orin bẹ́ẹ̀ ń mú ọmọ gbọ́n lò, kì í ṣe ọmọ ọwọ́, àǹfààní rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Rédíò náà ní àléébù. Wọ́n ní yóò lo wákàtí mẹ́jọ lórí ṣáàjì kan, mẹ́ta ló ń lò. Bí a bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, á máa han, nítorí náà mo fi í sí ìdajì, èyí tó tún sàn fún etí. Ṣùgbọ́n èyí tó bí mi nínú jù ni ohùn ìpolówó tí wọ́n fi sáàárín orin kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kan á ṣàdédé pariwo orúkọ ìsọ̀ náà nígbà tí orin bá ń wọra; nígbà àkọ́kọ́, ṣe ni Màmá ta gìrì. Mo dá a padà, ọmọkùnrin náà tọrọ gáfárà, ó sì yọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀, àfi nínú orin mẹ́rin tó ní kò ṣeé yọ. Tí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń dún báyìí, Màmá mọ ibi tí ariwo náà wà, wọn a sì bá wọn pe orúkọ ìsọ̀ náà ketekete.